Abọ́ ìtọ́wò: oṣù mẹ́sàn-án tí ẹ̀gbọ́n mi fi áàpù fóònù dín ara kù ní Kubwa

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé abọ́ oníke kan tó ní ìdérí ka orí tábìlì ìdáná wọn ní Kubwa, wọ́n ní, "Àbúrò, wò ó. Gbogbo ohun tí mo jẹ láti àárọ̀ tí mi ò kà sí oúnjẹ ló wà níbẹ̀ yẹn." Mo gbé abọ́ náà sórí òṣùwọ̀n, mo yọ ìwọ̀n abọ́ fúnra rẹ̀ kúrò. Gíráàmù 570 ni. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, dòdò wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ata, ègé mọ́ínmọ́ín, ẹran wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń lo áàpù tí ara wọn ò dín kù, inú abọ́ yẹn la ti rí ìdí rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Abuja tí wọ́n gbé áàpù ìdínrakù sórí fóònù, tí wọ́n lò ó fún oṣù kan, tí wọ́n wá fi ìbànújẹ́ pa á rẹ́, tí wọ́n ní ara àwọn ni kò gba àtúnṣe. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀gbọ́n mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà mí láyè láti kọ ọ́, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ àwọn. Ìyá Ìbejì tí àwọn oníbàárà ń pè wọ́n náà ni n óò máa pè wọ́n.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Òwò aṣọ ló gbé bàbá wa gòkè Ọya wá sí Jos, ibẹ̀ la sì gbé dàgbà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ ni wọ́n bá ọkọ wọn wá sí Kubwa. Oúnjẹ ni wọ́n ń tà, kò jìnnà sí ọjà Kubwa Village. Aago mẹ́rin ìdájí ni iná wọn ti ń jó, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré wọkọ̀ lọ sí Wuse àti Central Area kí súnkẹrẹ fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ mọ́ínmọ́ín gbígbóná. Tó bá di ọ̀sán, àmàlà àti ìrẹsì ló kàn. Nígbà tí àwọn ọmọ kọ́ọ̀pù bá parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ọgbà NYSC tó wà ní Kubwa, tí wọ́n ń gbé àpótí aṣọ kiri, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹ àjẹkẹ́yìn kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni ọdún 47 ni ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn ìbejì ni ara wọn ti ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá wọn sọ ọ́, torí pé láàárín wa, olóúnjẹ tó bá gbẹ, àwọn èèyàn á máa rò pé ọbẹ̀ rẹ̀ ni kò dùn.

Orí fífọ́ tí kò lọ ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2024. Kílò 94 ni wọ́n wọ̀n, gíga wọn jẹ́ mítà 1.60. Wọ́n á fi gíga yẹn ṣe ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á wá fi pín kílò: 94 pín sí ọ̀nà 2.56, ó jẹ́ 36.7. Láti 25 ni wọ́n ti ń sọ pé ara ti ń pọ̀ jù, tó bá ti di 30, ó ti di ìsanrajù tó ń fa àìsàn. Okùn tí wọ́n fi wọn ìbàdí wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 112, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó bá ti kọjá 88 ti wà nínú ewu ńlá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 150/96. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, láìtíì fẹnu kan nǹkan kan, jẹ́ 112. Láti 100 sí 125 ni ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ, 126 ni wọ́n ti ń wọlé.

Dókítà fún wọn ní òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò wá ní kí wọ́n di pẹlẹbẹ o. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn ló ní kí wọ́n dín kù, ìyẹn kílò mẹ́fà ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ló mú iye yẹn wá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 3,200 jọ, gbogbo wọn wà lẹ́nu ọ̀nà àtọ̀gbẹ, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn kan gba hóró tí kò ní òògùn nínú. Àwọn mìíràn ni wọ́n kọ́ láti dín ìdá méje kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá bí ìrìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀: iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó gba hóró lásán. Àwọn tó gba òògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin, ìdá 31 ni tiwọn fi kéré. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé kílò méje péré lè ṣe tó báyẹn, ọkàn wọn balẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé áàpù sórí fóònù kí wọ́n lè máa kọ ohun tí wọ́n bá jẹ sílẹ̀.

Èmi ni wọ́n pè. "Àbúrò, wá bá mi ṣe é, ojú mi ò gbé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn." Mo wá láti Lugbe ní ọjọ́ 12, mo wá ọ̀kan tí a ò ní sanwó lé lórí. Ó fẹ́ wo orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù wọn, mo kọ̀ fún un. Kí ni òǹkà oúnjẹ fẹ́ fi nọ́ńbà àwọn oníbàárà ṣe? Lẹ́yìn náà ló béèrè ọjọ́ orí, gíga, ìwọ̀n, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti iye kílò tí wọ́n fẹ́ dín kù lọ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo ní iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ wọn, torí pé nígbàkígbà tí mo bá yà kí wọn, orí àga lẹ́yìn ike ìrẹsì ni mo máa ń bá wọn. Mo sì tẹ kílò kan lọ́sẹ̀, kó lè yá. Ara ẹni tó tó wọn, tó bá sùn sílẹ̀ gbalaja tọ̀sán tòru fún odindi ọjọ́ kan, á ṣì jó nǹkan bí kálórì 1,540; kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Tí a bá fi iṣẹ́ ìjókòó kún un, á tó nǹkan bí 1,930. Kílò ọ̀rá kan nínú ara jẹ́ nǹkan bí kálórì 7,700, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí kílò kan lọ lọ́sẹ̀ ní láti fi bí 1,100 dín ohun tó ń jẹ kù lójoojúmọ́. Áàpù yọ ọ́, ó rí i pé ohun tó ṣẹ́kù kò lè gbé àgbàlagbà obìnrin ró, ó wá dúró sí 1,200, nítorí wọn ò ṣe é kó lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Èmi rí 1,200, mo ní, "Ẹ ò rí i, ó ti bá wa ṣírò ẹ̀." Mi ò bi ara mi bí ẹni tó ń dúró ti iná láti aago mẹ́rin ìdájí yóò ṣe fi ìyẹn gbé ọjọ́ já.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ohunkóhun ní ààbọ̀. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ya àwòrán ojú fóònù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: 1,180, 1,150, 1,210. Wọ́n dẹ́kun mímu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n ń jẹ òkèlè díẹ̀ lálẹ́, wọ́n á sì bo ìyókù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, wọ́n padà sórí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn, ó gbé kílò 94.3. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí, ohùn wọn ti yí padà. "Àbúrò, ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ọwọ́ mi ni mo fi ń ro àmàlà fún gbogbo ayé, èmi ò jẹ ẹ́ yó. Ó wá tún lé!" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ń sọ pé ẹ máa rọ́jú, ṣùgbọ́n èmi pàápàá ti ń rò ó pé bóyá ara ló yàtọ̀ sí ara.

Irú àsìkò báyẹn gan-an ni ìpolówó máa ń wọlé síni lára. Áàpù ọ̀fẹ́ náà kún fún ìpolówó, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti tíì tó ń fọ ikùn. Ẹ̀gbọ́n mi rà á láìsọ fún mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé, òṣùwọ̀n sì bọ́ sí 92.1, inú wọn dùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, òòyì kọ́ wọn nídìí ìkòkò, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú lé iná. Sẹ́nà, ewé tó ń mú inú ṣí, ló wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀. Omi àti iyọ̀ ara ló ń dà nù, ọ̀rá ò kúrò níbi tó wà, ẹni tó sì ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré rárá. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jù ú nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kílò ti padà sí 94.2. Títí di òní, inú mi ò dùn pé orí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé sórí fóònù wọn ni wọ́n ti rí i.

Ìgbà náà ni mo ra òṣùwọ̀n ìdáná kékeré kan ní ọjà Wuse, mo sì pinnu pé Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ wọn ni n óò ti máa lò ó. Mo fẹ́ rí ohun tí áàpù ò rí.

Àmàlà la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí mo tẹ orúkọ rẹ̀, oríṣiríṣi ni ó gbé jáde: ọ̀kan ní abọ́ kan jẹ́ kálórì 150, òmíràn ní ó lé ní 400, kò sì sí èyí tó sọ bí abọ́ ọ̀hún ṣe tóbi tó. Àwọn tó ń lò ó bíi tiwa ló tẹ púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń mú èyí tó jẹ́ 150 láti ọjọ́ kìíní nítorí pé òun ló wà lókè pátápátá. A wọn èlùbọ́ gíráàmù 500, wọ́n rò ó bí wọ́n ṣe máa ń rò ó, a gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n: 1,750. Èlùbọ́ gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí kálórì 350, nítorí náà gbogbo ìkòkò náà jẹ́ nǹkan bí 1,750. Gíráàmù kan, kálórì kan. Inú mi dùn dé ibi pé mo pariwo. Èyí tí wọ́n máa ń bù fún ara wọn lálẹ́ jẹ́ gíráàmù 480, kálórì 480 nìyẹn, àwa sì ti ń kọ 150 sílẹ̀. Áàpù náà ní àyè tí èèyàn lè ti kọ ohun tó fi se oúnjẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tó jinná, a wá fi tiwa síbẹ̀: Àmàlà Kubwa. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín, fún ọbẹ̀ ata, fún gbẹ̀gìrì. Ewédu ò ní ìyọnu. Epo pupa ló bà wá lẹ́rù: ṣíbí ìjẹun ńlá kan jẹ́ nǹkan bí kálórì 120, bẹ́ẹ̀ ìgbakọ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń dà á.

Ọ̀rọ̀ ìgbésẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Fóònù ní ohun kan nínú tó ń mọ̀ bí ara bá mì, òun ló fi ń ka ìrìn. Áàpù ń kọ 13,000, 14,000 lójúmọ́ fún wọn, ó sì ń sọ pé níwọ̀n bí wọ́n ti rìn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè jẹ 300 kálórì sí i. Wọ́n ń jẹ ẹ́, torí pé fóònù ló ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Àmọ́ inú àpò aṣọ ìdáná ni fóònù ń wà ní gbogbo ìgbà. Mo ní kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n rokà kan tán. Wọn ò gbé ẹsẹ̀, orógùn nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀, ìdí wọn sì ń mì tẹ̀ lé e. Fóònù ka ìgbésẹ̀ tó lé ní 600. A tún wọ kẹ̀kẹ́ Napep gba ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò, ó tún ń kà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé rírokà kì í ṣe iṣẹ́, iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn kìlómítà mẹ́wàá. A já ìsopọ̀ àárín ìgbésẹ̀ àti oúnjẹ. Ẹni tó bá sì ń fi 10,000 ìgbésẹ̀ pọ́n ara rẹ̀ lójú, kó mọ̀ pé láti ara òǹkà ìrìn kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ló ti wá, orúkọ ọjà náà ni wọ́n ń pè ní òǹkà ẹgbàárùn-ún ìgbésẹ̀. Dókítà kọ́ ló kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 eré ìdárayá bí ìrìn kíákíá lọ́sẹ̀ ni àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí àgbàlagbà má fi dín.

Ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló là wá lójú sí èyí tó kù. Ní Sátidé kejì, mo ń bi ẹ̀gbọ́n mi ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín kan àti tíì. Ọmọ náà rọra ní, "Mama, àti dòdò." Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. "Dòdò wo?" "Mẹ́ta, Mama. Àti ẹran tí ẹ fi wò ó bóyá ó ti rọ̀." Kò sọ ọ́ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò bínú. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń rò ó. Mo ṣe tán láti sọ pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú fóònù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń dáná kún fún epo, ta ni yóò máa nu ọwọ́ nítorí ègé dòdò kan? Àwọn fúnra wọn ló ronú kan abọ́. Wọ́n ní ní Sátidé tó ń bọ̀, ohunkóhun tí àwọn bá fi kan ẹnu, àwọn á bu irú rẹ̀ kan náà sínú abọ́ tó ní ìdérí, ká wo bí yóò ṣe kún tó.

Abọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá. A yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ a sì wọ̀n ọ́n: ìrẹsì 180, dòdò 110, ọbẹ̀ 140, mọ́ínmọ́ín 90, ẹran 50. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí kálórì 1,000. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń sọ pé ó jẹ 1,200 ti jẹ ohun tó lé ní 2,200, kí a tó sọ ti àmàlà tí a kọ ní àkọdín. Ara ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe nǹkan kan tó yàtọ̀ sí tẹlòmíràn. Ẹnu wọn ò sì purọ́ rí: ẹni tó ń se oúnjẹ tà kò ka ìtọ́wò sí jíjẹ, apá kan iṣẹ́ ni, bí ẹni tó ń dán abẹ́rẹ́ wò. Àwọn tó ṣe áàpù náà ń ro ẹni tó ń ra oúnjẹ nínú páálí, tó ń fi fóònù ya ìlà dúdú ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn ò ro obìnrin tó dúró láàárín ìkòkò márùn-ún.

Mo tún gbogbo ètò náà ṣe lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìdúró, ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀, ó gbé 1,610 jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bíi pé mo ti ya wèrè: "Kí n máa jẹ púpọ̀ sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kó jẹ́ oúnjẹ tí ẹ jókòó jẹ, tí ẹ mọ adùn rẹ̀. Ṣíbí tíì ló di ṣíbí ìtọ́wò, ọmọ náà ló ń tọ́ ìrẹsì àti ẹran wò, abọ́ sì dúró síbẹ̀ fún ìwọ̀nba tí wọ́n bá ṣì tọ́ wò. Lálẹ́ ni wọ́n ń gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò lọ sókè ju 150 gíráàmù lọ. Wọ́n ń rìn lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé nínú oṣù Kìíní tí eruku bo Kubwa mọ́lẹ̀, inú ọgbà ilé ni wọ́n ń yí ká.

Ní ìparí oṣù Kìíní, 91.5. Ní ìparí oṣù Kejì, 89.6.

Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2025, ìyẹn ló sì kọ́ wa ní ohun tí òṣùwọ̀n ò lè kọ́ wa. Dókítà ti bá wọn yí àkókò òògùn padà ṣáájú. Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ kìíní, fóònù dún: o kò tíì kọ oúnjẹ ọ̀sán rẹ. Ó dùn wọ́n, ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi oúnjẹ tẹ́ wọn lójú, a sì pa gbogbo ìránnilétí náà títí Ààwẹ̀ fi tán. Aláàwẹ̀ ò lè tọ́ ọbẹ̀ wò kó gbé e mì. Ọmọ náà, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló tọ́ gbogbo rẹ̀ wò fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó dín ọ̀kan. Kò sí oníbàárà kan tó ní ọbẹ̀ ò dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìṣínu, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ọdọọdún ni mo ń se oúnjẹ nínú Ààwẹ̀ láìtọ́ ọ wò, oúnjẹ ọ̀hún sì ń tà. Kí ni mo wá ń tọ́ wò láti ọdún yìí wá?" Wọ́n ní ó jọ pé ebi ni àwọn ń pè ní ìtọ́wò, nítorí láti aago mẹ́rin ìdájí títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn kì í jókòó jẹun. Láti ìgbà yẹn, kó tó di aago méje, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín ti wà nínú wọn.

Oṣù Ààwẹ̀ kọ́ ló mú kílò lọ jù o. 0.7 péré ló dín, ó dé 88.9, torí àkàrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti kùnú onísúgà ìgbà ìṣínu. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò sì bọkàn jẹ́.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, 86.8. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, a lọ ṣe é ní Jos pẹ̀lú ẹbí, ẹran àgbò ò sì ní ìwọ̀n lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa. Wọ́n padà dé pẹ̀lú 88.0. Ní àtijọ́, fóònù ì bá ti dákẹ́ látọjọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ 88.0 sílẹ̀ fúnra wọn kí n tó béèrè, wọ́n padà sórí àmàlà wọn, tí wọ́n ti dín kù láti gíráàmù 480 sí 300.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù Keje 2025, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn kan náà. Kílò 86.5, ó fi 7.5 dín sí ti ọjọ́ kìíní, ìdá mẹ́jọ ni ká kúkú pè é. Ìbàdí 103. Ẹ̀jẹ̀ ríru 134/84, pẹ̀lú òògùn. Ṣúgà 97. Dókítà ní kí wọ́n máa lo òògùn lọ, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. 103 ṣì ga ju 88 lọ, wọ́n mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ nǹkan sínú áàpù báyìí, torí ọwọ́ wọn ti mọ òkèlè gíráàmù 300 lójú àìwọ̀n. Mo dán wọn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 290, 310, 305.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo yà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sọ́jà, ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló wà nídìí ìrẹsì. Ó bu ṣíbí kan tọ́ wò, ó sì bu irú rẹ̀ sínú abọ́ oníke, ó dé e. Mo ní, "Ìyá Ìbejì ò sí nílé, abọ́ ta ni?" Ó ní, "Èmi ni, Uncle. Èmi náà fẹ́ mọ̀."